Ìjábọ̀ ọjọ́ Ajé: nígbà tí dátábéèsì kò mọ ohun tó ní mọ́

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, òwúrọ̀

Akápò ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ìparí oṣù Ọ̀wàrà 2024 ni, ọjọ́ Ajé. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó máa jókòó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìjábọ̀ kan sì wà tí wọ́n máa ń gbé ka iwájú kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó ẹnikẹ́ni. Òun ló ń fi ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti san padà lọ́dún yìí wé ohun tó san ní irú oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, ní Ìbàdàn. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjábọ̀ yẹn kì í gbà ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Lọ́jọ́ yìí, Màmá Akápò tẹ bọ́tìnnì, ó lọ po tíì, ó mu ún tán, kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, àwọn tó ń bá wọn tọ́jú sọ́fútíwíà ti gbé dátábéèsì wọn, PostgreSQL, kúrò ní ẹ̀dà 11 bọ́ sí ẹ̀dà 16. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún ni àwọn tó ń ṣe PostgreSQL fi ń tún àléébù ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ṣe, ti 11 sì ti parí ní oṣù Bélú 2023. Kò dára kí owó ènìyàn wà lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó mọ́.

Aago mẹ́sàn-án

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ẹnìkan yọ wáyà, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Pàbó ló já sí. Ni wọ́n bá pa sáfà, wọ́n tún un tàn. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n nínú irú ọ̀ràn yìí, ó máa ń dá kún wàhálà ni. Dátábéèsì a máa kó ohun tó ń lò jù sínú mẹ́mórì, kó má baà máa lọ sórí dísíìkì ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá ti pa á, gbogbo ìyẹn ti dànù. Nígbà tó tàn padà, àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó ń yá tẹ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà fún ìgbà díẹ̀, ìdààmú sì di méjì.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀

Fóònù mi dún.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dákun, wá bá wa wo nǹkan yìí. Àwọn ènìyàn ti fọkàn sí owó ilé-ìwé ọmọ wọn lónìí."

"Ṣé gbogbo iṣẹ́ ló ń fà ni mà, àbí ìjábọ̀ nìkan?"

Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì olùkọ́ kan tó dúró níwájú òun ni, wéré ló jáde. Ìjábọ̀ ńláńlá nìkan ni kò fẹ́ lọ.

Ìdáhùn yẹn wúlò ju ohunkóhun tí mo lè fi ojú ara mi rí lórí sáfà lọ. Bó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́, tàbí pé dísíìkì ló ń kú lọ, àti ńlá àti kékeré ni ì bá máa fà. Bó bá ti jẹ́ ńlá nìkan, ọ̀nà tí dátábéèsì ń gbà ṣe iṣẹ́ náà ló yẹ ká lọ yẹ̀ wò.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, Alága, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, ti ń bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀ lórí iye tí sáfà tuntun jẹ́. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kúkú padà sí ẹ̀dà àtijọ́. Ìmọ̀ràn kejì yìí ló bà mí lẹ́rù jù. pg_upgrade, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, ní ọ̀nà kan tí kì í ṣe àdàkọ fáìlì dátà. Àtijọ́ àti tuntun á jọ máa lo fáìlì kan náà. Ó yá gan-an, òun ni wọ́n sì lò. Àmọ́ bí ẹ̀dà tuntun bá ti lè tàn lórí fáìlì yẹn, ewu ni láti tún tan ti àtijọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ padà, àfi kí wọ́n mú ẹ̀dà ìpamọ́ ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo owó tí wọ́n ti gbà wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà sì pa rẹ́ nínú ìwé.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì sanwó. Ẹ fún mi di aago kan."

Ó wò mí, ó sọ fún oníṣòwò náà pé òun máa pè é padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Aago mọ́kànlá

PostgreSQL ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ EXPLAIN. Bí a bá fi ṣáájú ìbéèrè, kò ní ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tó fẹ́ gbà ṣe é ló máa sọ, pẹ̀lú iye ìlà tó rò pé òun máa bá ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Tábìlì tí wọ́n ń kọ gbogbo owó tó ń wọlé sí ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ìlà. Ohun tí ìjábọ̀ náà ń wá níbẹ̀ ni èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sáàárín oṣù Ṣẹẹrẹ sí Ọ̀wàrà, tó jẹ́ owó ẹ̀yáwó, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí. Ìlà mélòó ni PostgreSQL rò pé ó jẹ́? Ìlà 1. Mo ní kó kà á fún mi ní tòótọ́. Ó lé ní 130,000.

Ìlà 1 yẹn kò ṣàdédé wá. Nígbà tí PostgreSQL kò bá mọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú tábìlì, ó ní iye àbáláyé tó máa ń lò. Bí a bá ní kí ọjọ́ bọ́ sáàárín méjì, á gbà pé ìlà kan nínú igba ló máa bá a mu, ìyẹn 0.005. Bí a bá ní kí irú owó jẹ́ ẹ̀yáwó, 0.005 náà ni. Ti ìfọwọ́sí náà, 0.005. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: nínú mílíọ̀nù mẹ́fà, ìdá àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ 30,000; ìdá kejì nínú ìyẹn jẹ́ 150; ìdá kẹta kò pé ìlà kan. PostgreSQL kì í sọ pé kò sí rárá, ó sún un sí 1.

Ohun tó rò nípa ti ọdún tó kọjá náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni tọ̀hún tó 120,000. Ẹni tó bá gbà pé ìlà kan lòun fẹ́ fi wé ìlà kan kò ní wá ọgbọ́n sí i. Ọ̀nà tó yàn ni nested loop: mú ìlà kan níhìn-ín, fi wé gbogbo tọ̀hún, mú ìkejì, tún fi wé gbogbo wọn. Bí ìlà bá kéré, kò sí ọ̀nà tó yá tó o. Bí ó bá jẹ́ 130,000 sí 120,000, ìfiwéra bílíọ̀nù 15.6 ni. Sáfà náà kò ṣe ọ̀lẹ rárá. Iṣẹ́ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ ló ń fi gbogbo agbára ṣe. Èyí tó yẹ kó lò ni hash join, kí ó to apá kan jọ sínú mẹ́mórì pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ àti oṣù, kí ó wá gba inú apá kejì kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà yẹn ni ẹ̀dà 11 ń gbà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Sáfà tuntun tí Alága fẹ́ rà náà, bílíọ̀nù 15.6 kan náà ni ì bá jókòó tì.

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú

Mo ṣí pg_stats, ibi tí PostgreSQL ń kọ ohun tó mọ̀ nípa dátà sí: oríṣi mélòó ló wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan, èwo ló wọ́pọ̀ jù, báwo ni ọjọ́ ṣe tò láti ti àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Fún tábìlì owó, òfìfo. Fún tábìlì ẹ̀yáwó, òfìfo.

pg_upgrade ti ẹ̀dà 16 gbé dátà kọjá láìku ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kì í gbé ìmọ̀ yìí. Bí ẹni kó gbogbo ẹrù ìsọ̀ kan lọ sí ìsọ̀ tuntun, tó wá fi ẹni tí kò dé ọjà rí síbẹ̀ láti máa tà á. Irinṣẹ́ náà kò sì fi pamọ́. Ní ìparí iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń kọ ọ́ gbangba pé òun kò gbé ìmọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní ìṣirò, wá, pé kí wọ́n ṣe òmíràn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá lójú kọ̀ǹpútà láàárín ọ̀pọ̀ ìlà tó ń sọ pé gbogbo nǹkan lọ déédéé.

Àwọn kan á ní kò séwu, pé PostgreSQL ní autovacuum tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo òfin tó ń tẹ̀ lé. Bí wọn kò bá yí i padà, kò ní ṣe ìṣirò tábìlì kan àfi bí ìlà tó yí padà níbẹ̀ bá ju 50 pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìlà rẹ̀ lọ.   Lẹ́yìn pg_upgrade, PostgreSQL kò tilẹ̀ mọ iye ìlà yẹn mọ́, 50 nìkan ló sì kù nínú òfin náà; ṣùgbọ́n tábìlì tí ìyípadà inú rẹ̀ kò bá tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò ṣì wà ní òfìfo, bó ti wù kó tóbi tó.  Èyí ló máa ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹni tó bá ní kí wọ́n fi sùúrù dúró, kí ara rẹ̀ mọ́lé, ń fúnni ní ìmọ̀ràn tó dùn létí tí kò sì ní àsìkò tó dájú.

Kì í kúkú ṣe àṣà PostgreSQL nìkan. Láti 1979 ni Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM, ní San Jose, ìpínlẹ̀ Kalifóníà, ti tẹ̀wé jáde lórí bí dátábéèsì yóò ṣe máa fi ìṣirò ohun tó wà nínú tábìlì díwọ̀n ìnáwó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kó tó yan ọ̀kan. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ dátábéèsì ńlá ṣì dúró lé.

Aago méjìlá ọ̀sán

Àṣẹ kan péré ni: vacuumdb --all --analyze-in-stages. Ìpele mẹ́ta ló ń gbà: èkíní jẹ́ ìwò gààràgà kan kí ọ̀nà tó burú jù lè kúrò nílẹ̀ kíá, ìkejì jinlẹ̀ díẹ̀, ìkẹta ni ojúlówó. Kì í ka gbogbo ìlà. Ní ìpele ìkẹyìn, ìlà 30,000 ló ń ṣà láti inú tábìlì kọ̀ọ̀kan, yálà mílíọ̀nù mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tàbí ọgọ́ta mílíọ̀nù. Kò pẹ́ tó fi parí.

EXPLAIN wá sọ nǹkan mìíràn. Ìlà tó rò ti súnmọ́ 130,000, hash join sì ti rọ́pò nested loop. Màmá Akápò ní kí n dìde, ó fúnra rẹ̀ jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá. "Ó ti jáde o!" Kò tún wò mí mọ́, ó ti mú bírò, ó ń sàmì sí orúkọ.

Aago méjì

Ìjábọ̀ kan kù tí kò yá: ti gbèsè tó ti pẹ́, ní ibiṣẹ́-ibiṣẹ́. Ìṣirò rẹ̀ ti pé, síbẹ̀ ó ń fà. Ẹni tó kọ ọ́ lo WITH láti kọ́kọ́ ṣa àwọn onígbèsè sọ́tọ̀. Nínú ẹ̀dà 11 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, PostgreSQL á ṣe ohun tó wà nínú WITH tán lọ́tọ̀ kó tó kan ìyókù. Láti ẹ̀dà 12, tó jáde ní 2019, bí ìbéèrè bá pè é lẹ́ẹ̀kan péré, á pò ó mọ́ ìyókù. Lọ́pọ̀ ìgbà, èrè ló ń mú wá. Níbí, ìyàsọ́tọ̀ yẹn gan-an ni ìjábọ̀ náà gbára lé. Mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un, MATERIALIZED, ó sì padà sí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

A mú ìjábọ̀ oṣù tó kọjá tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé, a tún ti oṣù náà yọ láti inú ẹ̀dà tuntun, a fi wọ́n wéra. Àròpọ̀ wọn bára mu dé orí kọ́bọ̀. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fò ibẹ̀ yẹn: ìjábọ̀ tó yá tí iye rẹ̀ kò péye burú ju èyí tó ń fà lọ.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Ìgbìmọ̀ jókòó lásìkò, ìjábọ̀ wà níwájú kálukú wọn.

Aago márùn-ún ààbọ̀

Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àṣẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́yìn ìgbéga kí ilẹ̀kùn tó ṣí, orúkọ ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó ń gbà nísinsìnyí, nítorí a kò rí ti àtijọ́ níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, orí Màmá Akápò nìkan ló wà. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2025, ẹ̀dà 18 jáde, pg_upgrade tirẹ̀ sì ti ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìṣirò náà kọjá, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè ní extended statistics. Ẹ̀dà 16 ni ẹgbẹ́ náà ṣì ń lò, àtúnṣe rẹ̀ yóò sì máa wá títí di oṣù Bélú 2028. Ìwé tí a kọ lọ́jọ́ yẹn ni wọn yóò mú jáde nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe ìgbéga.