Láti Ṣọ́ọ̀bù dé Yunifásítì: Ọ̀nà Tí A Kò Tíì Là ní Ìdáàṣà

Ẹni tó bá ní àìsí ilé ẹ̀kọ́ ló ń dí ọ̀dọ́ Ìdáàṣà lọ́wọ́, kò wo ìlú náà dáadáa. Ìdáàṣà, ìyẹn Dassa-Zoumè ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìlú òkè mọ́kànlélógójì, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀: ENSBBA, ẹ̀ka yunifásítì UNSTIM ti Abomey, tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti bí a ṣe ń fi í ṣe nǹkan. Ní oríta tí ọ̀nà Kútọnu ti yà sí Parakou àti Savalou, wẹ́dà, mẹkáníìkì àti télọ̀ ń kọ́ ọmọṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ wà, ṣọ́ọ̀bù wà. Ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni kò sí.

Ṣáájú àtúnṣe tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe sí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dún 2005, fírídọ̀ọ̀mù ló ń parí ẹ̀kọ́ṣẹ́: ẹbí á náwó, ọ̀gá á gbàdúrà, ijó á bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọmọ náà mọ̀ gan-an, ọ̀gá nìkan ló lè sọ. Àtúnṣe yẹn mú ìwé ẹ̀rí CQM wá fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá nìkan, ó sì mú CQP wá fún ẹni tó ń lo ọjọ́ púpọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń fi ìyókù lọ sí kíláàsì, fún ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé CQP dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ìwé ẹ̀rí bac tàbí DT ti lísè ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ló ń bójú tó lísè àti ẹ̀kọ́ṣẹ́, òmíràn ló ni yunifásítì.

Kajú ló jẹ́ kí n rí ohun tí ìyapa yìí ń gbà lọ́wọ́ Ìdáàṣà. Láti 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú tí wọn kò tíì pa lọ sókè òkun, agbègbè Collines sì jẹ́ ilẹ̀ kajú. Pípa kajú kì í ṣe eré. Epo tó wà lára èèpo rẹ̀ máa ń bó ọwọ́, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ fi ooru omi sè é kí wọ́n tó là á. Lẹ́yìn náà ni ọmọ inú rẹ̀ á wọ ààrò, kí awọ pupa tó bò ó lè ṣí. Bí ààrò bá gbóná jù níhà kan, atẹ kan á jóná, awọ á sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ti èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè wọn omi tó kù nínú kajú, kó sì sọ ìdí tó fi ń bu. Kò lè jó irin pọ̀. Wẹ́dà oríta lè kan ààrò, ṣùgbọ́n ojú ló fi ń díwọ̀n ooru. Àwọn méjèèjì ń gbé ìlú kan náà.

Àpẹẹrẹ wà. Ní Joliet, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ọdún 1901, J. Stanley Brown tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama bá William Rainey Harper ti Yunifásítì Chicago jíròrò. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gíga nínú ilé ẹ̀kọ́ girama náà, ibẹ̀ sì ni community college ìjọba àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ti yọ. Wọn kò dúró de ilé tuntun. Àwa aládùúgbò Bẹ̀nẹ̀ ní Nàìjíríà kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ní tiwa: nígbà tí ètò 6-3-3-4 dé láàárín ọdún 1980 sí 1989, ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ ti dípẹtà nínú àpótí tí wọ́n fi kó o wá.

Àwọn olùkọ́ yóò ní ẹ̀kọ́ á rẹlẹ̀ bí a bá gba ọmọṣẹ́ wọlé. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe asán: èdè Ìdáàṣà tàbí Fọ̀n ni ọ̀gá fi ń kọ́ni, Faransé ni ti yunifásítì, ìṣirò sì lè le fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí irin. Ìdí rèé tí mo fi fara mọ́ ọdún ìmúrasílẹ̀ kan, Faransé àti ìṣirò nírọ̀lẹ́, kí ẹni tó bá yege níbẹ̀ wọlé. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí a da ọdún mẹ́ta CQP nù bí ẹni pé ọmọ náà sùn ni. Kí wọ́n kà á sí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe tó ti parí, kí wọ́n sì gba ọ̀gá tó mọṣẹ́ láyè láti kọ́ àwọn ti yunifásítì bí a ṣe ń kan ààrò, kí wọ́n sanwó fún un bí wọ́n ṣe ń san fún olùkọ́.

Ètò orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 yóò parí ní 2030. Kí ilé iṣẹ́ ìjọba méjèèjì àti UNSTIM tọwọ́ bọ àdéhùn kan kó tó parí, kí wọ́n sì fi Ìdáàṣà bẹ̀rẹ̀.