Delica, bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ Japan táwọn aláfẹ́ ń rà l'Amẹ́ríkà: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó

Tí a bá dárúkọ ọkọ̀ tòkunbọ̀, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ọkọ̀ tí wọ́n ti lò l'Amẹ́ríkà tàbí ní Yúróòpù kó tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn náà ń ra tòkunbọ̀ o! Láti Japan ni tiwọn ti ń wá. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú rẹ̀ ni Mitsubishi Delica, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lo epo dísù, tó sì ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́ ara rẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, iyanrìn àti yìnyín. Àwọn tó fẹ́ràn ìrìn-àjò afẹ́ gba inú igbó àti orí òkè, tí wọ́n á sì sun inú ọkọ̀ wọn mọ́jú, ló ń wá a kiri.

Bí ọmọ yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín bá wà lọ́hùn-ún, tí irú ọkọ̀ yìí sì wù yín, ẹ fara balẹ̀ ka àlàyé yìí. Ohun méjì ló ń sọ ọkọ̀ yìí di gbèsè síni lọ́rùn: ìwé tí kò pé, àti omi tó gbẹ nínú ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá mójú tó méjèèjì, á jẹ ìgbádùn owó rẹ̀.

Irú ọkọ̀ wo ni Delica?

Ọdún 1968 ni Mitsubishi kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹrù ni wọ́n sì ṣe é fún. Ní 1982 ni èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fa ọkọ̀ dé. Àwa náà mọ ẹbí rẹ̀ dáadáa: bọ́ọ̀sì L300 tó ti kérò káàkiri ìlú wa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Oríṣi méjì làwọn ará Amẹ́ríkà ń rà jù. Àkọ́kọ́ ni Star Wagon, ìran rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Iwájú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìjókòó iwájú. Ẹ́ńjìnì dísù lítà 2.5 ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èkejì ni Space Gear, tó jáde láti 1994 títí di 2007. Èyí ní imú díẹ̀ níwájú, púpọ̀ nínú àwọn oní-dísù rẹ̀ sì ń lo ẹ́ńjìnì lítà 2.8. Ohun èlò tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì bá ti jíìpù Pajero tan. Èèyàn méje tàbí mẹ́jọ ló ń jókòó sínú wọn, àwọn àga rẹ̀ sì ṣeé tẹ́ bíi bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan tiẹ̀ ní gíláàsì lórí òrùlé, téèyàn á fi máa wo ìràwọ̀ lálẹ́.

Mitsubishi ta Delica díẹ̀ l'Amẹ́ríkà láàárín 1987 sí 1990, àmọ́ epo bẹtiróòlù ni wọ́n ń lò, táyà ẹ̀yìn nìkan ló sì ń fà wọ́n. Wọn ò ta èyí tó ń lo dísù tó sì ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà níbẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti kó o wọlé.

Kí ló dé táwọn ará Japan fi ń tà á?

Kì í ṣe pé ọkọ̀ ọ̀hún bàjẹ́ o. Ní Japan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun máa ń ṣe àyẹ̀wò ìjọba lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó di ọdún méjì-méjì, owó tó ń gbọ́n lọ síbẹ̀ kò sì kéré. Bí ọkọ̀ bá ti ń dàgbà, owó orí rẹ̀ á tún lé sí i. Yàtọ̀ síyẹn, láti 2003 ni ìlú Tokyo ti fòfin de àwọn ọkọ̀ oní-dísù àtijọ́ kan tí èéfín wọn pọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ṣì lágbára ń jáde nílẹ̀ wọn lówó pọ́ọ́kú.

Òfin ọdún 25

Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú yín. Òfin ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà kò gba ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún ọjà ibẹ̀ láyè, àyàfi tó bá ti pé ọdún 25. Oṣù tí wọ́n ṣe ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọdún tó wà lẹ́nu oníṣòwò. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹfà ọdún 1999, oṣù kẹfà ọdún 2024 ló tó wọlé láìsí wàhálà. Ní ti èéfín, ọdún 21 ni òfin ń béèrè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ sí oríṣi mìíràn, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ní Kánádà, ọdún 15 péré ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ má fojú kékeré wo òfin yìí. Ní 2014, ìjọba Amẹ́ríkà gba nǹkan bí 40 ọkọ̀ Land Rover Defender lọ́wọ́ àwọn tó ti sanwó wọn, tí wọ́n sì ti ń wà á kiri, wọ́n ní ọjọ́ orí wọn kò pé. Nígbà tó yá ni wọ́n tó dá lára wọn padà. Ọwọ́ ẹni tó rà á gbẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gba ọkọ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó tà á.

Àwọn ìwé tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín rèé:

• Ìwé tí Japan fi yọ ọkọ̀ náà kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn kó tó jáde, àti ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.
• Ìwé ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá, àti rìsíìtì ohun tí ẹ san.
• Fọ́ọ̀mù HS-7 ti àwọn tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀.
• Fọ́ọ̀mù EPA 3520-1 ti àwọn tó ń mójú tó èéfín.
• Fọ́ọ̀mù 7501 ti àwọn asọ́bodè, tí wọ́n ti fọwọ́ sí.

Tí ẹ bá ra ọkọ̀ tó ti wà l'Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè àwọn ìwé yìí kan náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bó bá ní "wọ́n wà nílé, màá fi ránṣẹ́", ẹ jẹ́ kí owó yín náà wà nílé.

Ní ti owó ibodè, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìpìlẹ̀ tiwọn fún ọkọ̀ akérò, ìdá 25 sì ni ti ọkọ̀ akẹ́rù. Fún ọkọ̀ tí wọ́n rà ní 10,000 dọ́là, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 250 dọ́là sí 2,500 dọ́là. Nítorí náà, kí ìwé yín sọ pé ọkọ̀ akérò ni, kí àga ẹ̀yìn rẹ̀ sì pé. Ìjọba máa ń pààrọ̀ owó yìí, ẹ jẹ́ kí aṣojú tó ń bá yín gba ẹrù sọ iye tó wà lórí ìwé lọ́jọ́ náà kí ẹ tó rà á.

Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ńkọ́?

Kí ọkọ̀ wọ Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí kó gba nọ́ńbà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Maine àti Rhode Island ti kọ̀ láti forúkọ àwọn ọkọ̀ Japan kan sílẹ̀, California sì le púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ èéfín. Ẹ kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì tó ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì bi ilé iṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ Japan kì í tó 17 bíi ti Amẹ́ríkà. P35W ni ti Star Wagon oní-dísù kan fi ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà díẹ̀ ló sì tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà adójútòfò mìíràn kì í gbà á, ẹ óò ní láti wá ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Ọjà gbàǹjo ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde ní Japan. Ìwé àyẹ̀wò máa ń bá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan rìn, àwòrán ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà A dúró fún ibi tó ha, U fún ibi tó tẹ̀, S àti C fún ibi tó ti dípẹtà. Tí ẹ bá rí R níbi tí máàkì rẹ̀ wà, ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí, wọ́n sì ti tún un ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tó wá láti apá àríwá bíi Hokkaido, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín máa ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀.

Tí ọkọ̀ bá wà níwájú yín, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó tan án. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, tó ń rùn bí ohun dídùn, omi rẹ̀ ló ń jóná nínú ẹ́ńjìnì. Èyí tó bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bí omi inú ike rẹ̀ bá ń hó pùtù bẹ́ẹ̀ kò tíì gbóná, ẹ yáa pa dà sílé.

Omi ni ẹ̀mí rẹ̀

Ohun tó ń pa Delica jù nìyí. Ẹ́ńjìnì lítà 2.5 yìí kò fẹ́ràn ooru rárá. Tó bá gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan, orí ẹ́ńjìnì, táwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní top cylinder, lè là. Ní ti Space Gear, irin tó ń gbé omi gbígbóná lọ fún àwọn tó jókòó sẹ́yìn gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Bó bá dípẹtà, omi á máa jò díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ̀, títí ẹ́ńjìnì á fi gbẹ. Irin yìí ni kí mẹkáníìkì yín kọ́kọ́ wò.

Ẹ wá rò ó wò lórí ọ̀nà I-70 ní Colorado, tó gun òkè títí dé ihò Eisenhower, tó ga tó nǹkan bíi mítà 3,400. Ọkọ̀ tó wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù méjì, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ti lé ní ọdún 25, ló ń gun ibẹ̀. Ẹ rọra lọ, ẹ lo jíà kékeré, kí ojú yín má kúrò lára àmì ooru. Tó bá ń lọ sókè, ẹ dúró. Ẹ má ṣí ọmọrí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná o!

Ẹ tún béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ timing belt ẹ́ńjìnì lítà 2.5. Kó má kọjá kìlómítà 100,000, nítorí tó bá já lójú ọ̀nà, ó lè ba inú ẹ́ńjìnì jẹ́ pátápátá. Ti ẹ́ńjìnì lítà 2.8, ṣéènì ni wọ́n fi ṣe é, kò sí bẹ́líìtì yẹn nínú rẹ̀.

Wíwà á lójú ọ̀nà

Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Ní ọ̀nà tó jẹ́ lílọ-bíbọ̀, kò rọrùn láti rí iwájú kí ẹ tó yà sílẹ̀ fún ọkọ̀ ńlá, nítorí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀. Kì í sáré. Ìwọ̀nba 100 kìlómítà ní wákàtí kan ti tó o. Nínú Star Wagon, ẹ má fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà á lórí ọ̀dà tó gbẹ, ó ń ba jíà jẹ́. Inú ẹrẹ̀, iyanrìn àti yìnyín ló wà fún.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Kí ẹ tó wọ aṣálẹ̀ Utah tàbí ọ̀nà Alaska, ẹ gbé bẹ́líìtì, rọ́bà omi, fíltà epo àti omi ẹ́ńjìnì dání. Ilé ìtajà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kì í ní ẹ̀yà ara rẹ̀. Láti Kánádà tàbí Japan ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́, ìyẹn sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ṣé a lè fi ránṣẹ́ sílé?

Rárá o. Òfin Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọlé, láti 1972 la sì ti ń wakọ̀ gba apá ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ọdún 25 ti kọjá ọjọ́ orí tí àwọn asọ́bodè wa ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó rà á fún ibi tó wà.

Lọ́rọ̀ kan ṣá, ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó wo ẹwà rẹ̀, ẹ wo omi rẹ̀ kí ẹ tó wo táyà rẹ̀, kí ẹ sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kí ẹ tó san owó ọkọ̀.