Ta Ló Ni Ojú Ọ̀nà Íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin ará wa ní Sharpstown, ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, nígbà tí ẹ bá fi WhatsApp pe màmá àgbà ní Ìbàdàn, ṣé ẹ rò pé kò sẹ́ni tó lè dí ọ̀nà yẹn?

Ní 2005, ilé-iṣẹ́ Madison River ní North Carolina dí i mọ́ Vonage, ìyẹn àwọn tó ń jẹ́ kéèyàn fi íntánẹ́ẹ̀tì pe fóònù lówó pọ́ọ́kú. Kí ló fà á? Madison River fúnra rẹ̀ ń ta fóònù! FCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, dá sí i. Ilé-iṣẹ́ náà san $15,000, ó sì ṣí ọ̀nà. Owó kékeré, àbí? Ṣùgbọ́n ìjà ti dé.

Ní 2015, FCC dìbò 3 sí 2: ẹ má dí ọ̀nà, ẹ má mọ̀ọ́mọ̀ fà á falẹ̀, ẹ má gbowó kí ẹ fi ẹnì kan ṣáájú ẹlòmíì. Ní 2017, wọ́n fagi lé e, 3 sí 2 náà ni. Ní 2024 wọ́n dá a padà. 3 sí 2! Ìbò ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé e sọ́tùn-ún sósì, torí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ò ṣòfin kankan lé e lórí. Ní ọjọ́ 2 oṣù January 2025, ilé-ẹjọ́ ní Cincinnati ní FCC ò láṣẹ rẹ̀.

California ò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n ti ṣe tiwọn ní 2018. Òfin yẹn ò sì dé Bissonnet.