Láti Ọ̀kẹ́rẹ́ dé Guépard: Orúkọ, Èdè àti Ìfaradà àwọn Alátìlẹ́yìn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pa orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ dà. Écureuils, ìyẹn ọ̀kẹ́rẹ́, ni wọ́n ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Láti ọdún náà ni ó ti di Guépards. Àwọn tí ìyípadà náà tẹ́ lọ́rùn sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ti kéré jù, pé ẹranko tí ń sá gun igi kò yẹ ní àmì fún àwọn tí ń wá ife-ẹ̀yẹ. Iṣẹ́ yìí kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìpinnu náà. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe ní ẹnu àwọn tí ń ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn ní àkókò tí nǹkan kò rọgbọ, àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìrántí wọn nígbà tí a bá pa orúkọ náà dà.

Ifangni, ní agbègbè Plateau, ni a ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ìlú ẹ̀bá ibodè ni. Ìgòló, tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kọjú sí Ìdí-Ìrókò ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Èdè Yorùbá tí a ń pè ní Nàgó kò mọ ibodè kankan. Ẹbí kan náà lè ní ilé ní apá méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ bá fẹ́ pàdé Nàìjíríà lórí pápá, ìbéèrè pé ta ni tiwa kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dáhùn láìronú. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ìfaradà ló tún ẹgbẹ́ yìí kọ́, kì í ṣe orúkọ tuntun. Ṣùgbọ́n ìfaradà náà nílò orúkọ tí èdè lè lò, èyí tí a lè fi yìn, tí a lè fi bú, tí a sì lè fi pa òwe.

2. Ìpìlẹ̀ tí ó korò

Ọ̀dọ̀ Nàìjíríà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1959, nígbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì kò tíì gba òmìnira, ẹgbẹ́ Dahomey gbá ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà, ó sì fìdí rẹmi pẹ̀lú àmì ayò 1 sí 0. Ní ogúnjọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù náà, wọ́n tún pàdé ní Èkó. Nàìjíríà gbá góòlù 10, Dahomey gbá ẹyọ kan. Títí di òní, kò tíì sí ìyà tí ó ju ìyẹn lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà.

Ní ọdún 1975 Dahomey di Bẹ̀nẹ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà sí Ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, tí a mọ̀ sí CAN, kò là títí di ọdún 2004 ní Tùnísíà. Níbẹ̀ ni Gúúsù Áfíríkà ti na ẹgbẹ́ náà 2 sí 0, tí Mòrókò nà án 4 sí 0, tí Nàìjíríà sì nà án 2 sí 1. Ní Gánà ní ọdún 2008, wọ́n tún pàdánù ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Àǹgólà ní ọdún 2010, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Mòsáńbíìkì, wọ́n sì pàdánù ìyókù. Ẹni tí ó bá wo àkọsílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé nínú ìdíje CAN mẹ́ta wọ̀nyí, ìsọ̀rí kan náà ni wọ́n fi Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà sí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Nàìjíríà sì borí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ará Ifangni, ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ ni ìtìjú ti ń wá.

Ohun tí ó tẹ̀ lé CAN ọdún 2010 burú ju ìfìdírẹmi lọ. Àjọ bọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀ tú ẹgbẹ́ náà ká, wọ́n sì dá akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Michel Dussuyer, dúró. Ẹgbẹ́ tí a bá tú ká ni a gbọ́dọ̀ tún kọ́ láti ilẹ̀. Odindi ọdún 9 ni ó gbà kí Bẹ̀nẹ̀ tó padà sí CAN.

3. Ọdún 2019: ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò

Ní ọdún 2018 wọ́n tún pe Dussuyer padà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Bẹ̀nẹ̀ na Tógò 2 sí 1 ní Cotonou, ó sì gba ìwé àṣẹ lọ sí Íjíbítì. Níbẹ̀, Mickaël Poté gbá góòlù méjì wọlé Gánà, ìdíje náà sì parí sí ọ̀mì 2 sí 2. Wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Guinea-Bissau, wọ́n tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Ọ̀mì mẹ́ta yìí gbé wọn kọjá ìsọ̀rí. Nígbà tí wọ́n pàdé Mòrókò, Moïse Adiléhou ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Mòrókò dá a padà, Hakim Ziyech sì gbá pẹ́náritì kan lu òpó nígbà tí àkókò fẹ́ tán. Bẹ̀nẹ̀ borí nínú pẹ́náritì àṣekágbá, 4 sí 1. Sẹ̀nẹ̀gà ni ó dá wọn dúró pẹ̀lú góòlù ẹyọ kan ní ìpele tí ó ku ẹgbẹ́ 8.

Kí a kíyè sí èyí: ẹgbẹ́ náà dé ipò tí kò dé rí láìborí ìdíje kan ṣoṣo nínú ìṣẹ́jú 90. Àìjẹ́-kí-wọ́n-nà-wá ni ọgbọ́n wọn. Òwe Yorùbá tí ó bá èyí mu ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù: Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ẹranko náà kò bá ọdẹ jà. Ó kàn gun ibi tí ọfà kò lè dé ni.

Ní oṣù Keje ni ìdùnnú yìí wáyé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ìjọba Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ní Ìgòló, níbi tí òwò pẹ̀lú Ìdí-Ìrókò ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyàtọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjì wá di ohun tí a ń fi ikùn mọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé ní Uyo ní oṣù Kọkànlá, tí Nàìjíríà sì borí pẹ̀lú 2 sí 1, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn ènìyàn ń wò mọ́.

4. Orúkọ ẹranko méjì nínú èdè kan

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ilé nínú èdè wa. Yàtọ̀ sí òwe tí a mẹ́nu bà, a tún ní òmíràn nípa òfòrò, tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀: Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ìtàn ẹranko tí ó bímọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó sì ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn títí àwọn ènìyàn fi wá kó wọn lọ, ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹranko kan náà ni alátìlẹ́yìn lè fi yin ẹgbẹ́ nígbà tí ó bá gòkè, tí ó sì lè fi bá a wí nígbà tí ó bá yangàn ṣáájú àkókò. Ohun èlò olójú méjì ni. Ní ọdún ìfìdírẹmi, irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni alátìlẹ́yìn nílò jù, nítorí ẹni tí kò bá rí ọ̀rọ̀ fi bú ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ yóò fi í sílẹ̀ ni.

Guépard kò rí bẹ́ẹ̀. Àríwá Bẹ̀nẹ̀, ní ọgbà ẹranko Pendjari àti ti W, ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ́kù sí. Kò sí ní igbó gúúsù. Yorùbá kò sì ní orúkọ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún un. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àyálò. Bí a bá fi etí yá a láti inú Faransé, kọ́ńsónáǹtì ìparí kò ní hàn, a ó sì ní gépáà. Bí a bá fi ojú yá a láti inú ìwé, gépáàdì ni. Àyálò kì í ṣe ìtìjú: àwọn Faransé fúnra wọn yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ èdè Ítálì, nínú gattopardo. Ọ̀nà kejì ni àpèjúwe: ẹranko tí eré rẹ̀ yá jù lórí ilẹ̀. Ó ṣe kedere, ṣùgbọ́n kò ṣe é pariwo ní pápá.

Ọ̀nà kẹta ni kí a pè é ní ẹkùn, èyí tí ó yá ẹnu jù. Níhìn-ín ni ìtàn ti dá sí i. Ẹkùn kì í ṣe guépard, ẹkùn sì ni ẹranko ìdílé ọba Abomey, tí wọ́n ń ka ara wọn sí ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Abomey yìí kan náà ni ó pa Kétu run ní ọdún 1886. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń ronú kan Kétu nígbà tí ó bá ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹkùn wà nínú oríkì Yorùbá pẹ̀lú, ẹni iyì sì ni. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ní ẹrù tirẹ̀, àti pé ìtumọ̀ tí ó dà bíi pé ó rọrùn lè gbé ìtàn kan wọlé tí ẹni tí ó fún ẹgbẹ́ lórúkọ kò pè.

5. Orúkọ ẹ̀yìn ẹ̀wù

Bí a bá fi ẹranko sílẹ̀, tí a wo orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn, a ó rí ìtàn àkọtọ́ Yorùbá lára ẹ̀wù. Jordan Adéoti, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ọdún 2019, ni wọ́n bí ní ilẹ̀ Faransé. Àmì orí é nínú orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àmì ohùn òkè; àmì fáwẹ̀lì Faransé ni, àmọ́ ó ṣe kòńgẹ́ ohùn òkè tí ó wà nínú adé. Ìyókù orúkọ náà kò ní àmì, olùkà ni yóò fi etí rẹ̀ wá ohùn rẹ̀. Nínú Olaïtan, àmì tó-tó méjì wà lórí i nítorí pé Faransé yóò ka ai sí fáwẹ̀lì ẹyọ kan. Láìmọ̀, akọ̀wé tí ó fi àmì náà síbẹ̀ ya fáwẹ̀lì méjì tí Ọláìtán nílò sọ́tọ̀: ọlá kì í tán.

Tosin Aiyegun, ní tirẹ̀, ni wọ́n bí ní Èkó. Aiye inú orúkọ rẹ̀ jẹ́ àkọtọ́ àtijọ́ tí Nàìjíríà pa tì ní ọdún 1974, tí a fi ń kọ ayé báyìí. Bẹ̀nẹ̀ náà ti ní álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè láti ọdún 1975, níbi tí a ti ń lo ɔ àti ɛ dípò ọ àti ẹ. Orúkọ Ifangni pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí gn inú rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ akọ̀wé Faransé. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, àkọtọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí ni ìdí tí a fi sọ pé ará ibodè kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí ó ṣe lè rí ara rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ti ń ka orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀.

6. Àfiwé láti Ìbàdàn

Lápá kejì ibodè, ẹgbẹ́ kan wà tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn láti ìhà mìíràn. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, ní ọdún 1976, nígbà tí ó borí Tonnerre ti Yaoundé. Lẹ́tà tó ń ṣáájú orúkọ rẹ̀ yí padà bí olówó rẹ̀ ti ń yí padà: WNDC, lẹ́yìn náà IICC, lẹ́yìn náà 3SC. Ẹ̀ẹ̀mejì, ní ọdún 1984 àti 1996, ni ó dé àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà, tí Zamalek ti Íjíbítì sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2017 ó já sí ìpele kejì, kò sì padà sókè títí di ọdún 2021. Nínú gbogbo rẹ̀, igbe àwọn alátìlẹ́yìn kò yí padà: Shooting ni wọ́n ń pè. Ìjọba lè pa lẹ́tà dà. Èyí tí ẹnu ti gbà ni ó dúró.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní Ìbàdàn, orúkọ tí a pa dà ni ti olówó. Ní Bẹ̀nẹ̀, èyí tí a pa dà ni orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pariwo.

7. Ìgbà Rohr

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Gernot Rohr, tí ó ti tọ́ Nàìjíríà láti 2016 sí 2021, gba ẹgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ní Abidjan, Bẹ̀nẹ̀ na Nàìjíríà 2 sí 1. Jodel Dossou àti Steve Mounié ló gbá góòlù wọlé. Ilé àjèjì ni ayọ̀ náà ti wáyé, nítorí Abidjan ni ẹgbẹ́ náà ti ń gba àlejò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Bẹ̀nẹ̀ ni ó ṣíwájú ìsọ̀rí rẹ̀ fún Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé nígbà tí ó ku ìdíje kan. Uyo ni ìdíje náà ti wáyé. Nàìjíríà na ẹgbẹ́ náà 4 sí 0, ọ̀nà sì dí.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní CAN tí Mòrókò gbàlejò, Bẹ̀nẹ̀ na Botswana 1 sí 0. Ìdíje kẹrìndínlógún rẹ̀ nínú CAN nìyẹn, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ó borí láìsí pẹ́náritì àṣekágbá. Láti 2004 dé 2025 ni àwọn alátìlẹ́yìn fi dúró de góòlù ẹyọ kan.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn tí ó pa orúkọ dà ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ẹranko tí ó yára. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò gbè wọ́n lẹ́yìn bí wọ́n bá sọ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ni ó dí ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ó dé ìpele ẹgbẹ́ 8 ní ọdún 2019, ìgòkè tí guépard kò tíì bá a dé. Guépard sì ni ó jẹ góòlù 4 ní Uyo. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n lé ní 2010 ni ó mú wọn gòkè ní 2019. Sùúrù ló so ọdún méjèèjì pọ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí a bá sọ orúkọ àtijọ́ di ohun ìtìjú, a tún ń sọ ọdún àwọn tí ó dúró ti ẹgbẹ́ náà di ohun ìtìjú. Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n wo 2004, 2008 àti 2010 láìkúrò nídìí rédíò wà ní ẹnu wọn, ní Nàgó, kò sì sí nínú ìwé àjọ kankan: ìnagijẹ, àwàdà, èébú, òwe tí a yí sí bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni láti gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ọ̀kẹ́rẹ́. Bí guépard bá sì fẹ́ di tiwa, ẹ jẹ́ kí ẹnu rí i lò. Ó lè gbà á ní ọdún mélòó kan. Àwọn tí ó dúró de góòlù fún ọdún 21 kò ní ṣàìdúró de ọ̀rọ̀.