Ta Ló Ń Bẹ Ta Nínú "Gbà-Má-Bínú"?

Ká ní òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Ìbàfò kán lẹ́sẹ̀, tí dókítà wá ní kó fi wákàtí mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ lójúmọ́ kó tó padà sí mẹ́jọ. Àwa atúmọ̀ èdè á ní "ìpadàsẹ́nuṣẹ́ onípele-ń-pele". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ tó kán gun àtẹ̀gùn? Ẹ mú "rọra", ẹ mú "wọ iṣẹ́", kí ẹ fi ì- ṣáájú wọn: ìrọrawọṣẹ́. Ó tán.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò la àríyànjiyàn lọ. Ìwé dókítà, ìwé dókítà ni. Lífù ti di tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ "ìsinmi" kó máa lò ó, àmọ́ ìyá ọlọ́mọ tuntun tó wà lẹ́nu "ìsinmi ìbímọ" mọ̀ pé kò sí ìsinmi kankan níbẹ̀.

Àìwá síbi iṣẹ́ ló le. Súpáfáísọ̀ lẹ́bàá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kì í sọ pé "àìwásíṣẹ́". "Ó pa iṣẹ́ jẹ" ló máa sọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. À ń pa ìpàdé jẹ, à ń pa ilé-ìwé jẹ; pípa àti jíjẹ, ọwọ́ ẹni la fi ń ṣe méjèèjì. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní Ìfọ̀ kò pa nǹkan kan jẹ. Nítorí náà mo gba "ìpaṣẹ́jẹ" wọlé, ṣùgbọ́n fún ọ̀lẹ nìkan. Àwọn kan dábàá "ìdádúró" fún aláìsàn, pé àìsàn ló dá a dúró. Ó ti o! Ẹni tí wọ́n bá dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ti gba ìwé nìyẹn. "Àìlèwá" ni tèmi. Inú "lè" yẹn ni gbogbo ẹjọ́ wà: ó fẹ́ wá, kò lè wá. Àìlèwá náà sì ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ń dáàbò bò ní abala 16, tó ní kí wọ́n san owó aláìsàn tó ní ìwé dókítà fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 lọ́dún.

"Owó gbà-má-bínú", orúkọ tí à ń pe owó òṣìṣẹ́ tó fara pa, burú ju ìyẹn lọ. Mi ò bá ìṣẹ̀dá rẹ̀ jà: gbólóhùn àṣẹ tó di orúkọ ni, bí a ṣe sọ fún ewé kan pé kó pa itan mọ́ tó fi di patanmọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo ń bá jà. Ẹni tó bá ní "gbà, má bínú" ń tuni lójú ni; ó lè fúnni, ó lè má fúnni. Òfin 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa kò bẹ ẹnikẹ́ni. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó fara pa. Ó tiẹ̀ kan ẹni tí jàǹbá ṣe láàárín ilé àti ibi iṣẹ́, èyí tó yẹ kí ará Mówè tó ń jí lọ sí Èkó há sórí. Ẹ̀tọ́-ìfarapa ni kí ẹ pè é. Ẹ̀tọ́ ṣeé bèèrè. Gbà-má-bínú, à ń dúró dè é ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá máa ń bá òṣìṣẹ́ sọ lọ́jọ́ tó bá padà dé. "Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò" kọ́: ìyẹn fún ẹni tó ń wáṣẹ́, tàbí ẹni tó bọ́ sọ́wọ́ oníròyìn. Ìbéèrè-àlàáfíà ni. "Ẹ kú ewu" á kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni: kí lo lè ṣe báyìí, kí ni kò tíì ṣeé ṣe, kí ni ká yí padà? Bí ọ̀gá bá fi "kí ló dé tó o pẹ́ tó báyìí?" bẹ̀rẹ̀, ẹ yáa pè é ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò padà.