Omi Kò Lọ́tàá, Ṣùgbọ́n Ó Ní Àsìkò

“Omi là ń bù wẹ̀, omi là ń bù mu, ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá.” Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń pa òwe yìí, àmọ́ ibi ìkómọjáde ló ti ń dún jù. Wọn á ti gbé omi tútù kalẹ̀ pẹ̀lú obì, orógbó, ataare àti iyọ̀. Àgbà ilé á ti ìka bọ omi, á fi kan iwájú orí ìkókó tàbí ètè rẹ̀, á sì wúre pé bí omi kò ti lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí ò ní lọ́tàá. Gbogbo ilé á ní àṣẹ.

Àdúrà tó dára ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ilé ti sọ àdúrà náà di òfin pé kí a máa bu omi fún ọmọ láti ọjọ́ náà lọ. Ìyá ọlọ́mọ tó bá kọ̀, wọn á ní ìkà ni, pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ òwe náà kò dá ìgbà, kò sì sọ ìwọ̀n. Ìwà omi ló ń sọ, pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí tí kò nílò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ lúwẹ̀ẹ́, tó wá kó wọ odò tó kún dẹ́nu nítorí pé omi kò lọ́tàá, ó ṣi òwe lò ni. Oore omi fún ọmọ ní àsìkò tirẹ̀, àsìkò náà sì ni ìgbà tó bá pé oṣù mẹ́fà.

Kó tó pé oṣù mẹ́fà, inú ọmú ìyá rẹ̀ ni omi rẹ̀ wà. Bí a bá pín wàrà ọyàn sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 87 tàbí 88 ló jẹ́ omi. Àwọn tó ń bẹ̀rù ooru náà ti rí ìdáhùn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1978, wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú nìkan wò ní Jàmáíkà, níbi tí oòrùn ti ń mú, wọ́n sì rí i pé omi inú ọmú tó wọn. Bí ooru bá mú, ọmú ni kí a tún gbé sí ọmọ lẹ́nu.

Omi tó bá ṣáájú àsìkò lè ṣe ọmọ níkà. Ikùn rẹ̀ kéré; bí omi bá ti gba ibẹ̀, wàrà kò ráyè mọ́, ọmọ á yó láìjẹun. Ọmú tí ọmọ kò fà dáadáa náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Kíndìnrín rẹ̀ kò tíì lágbára láti da omi tó pọ̀ jù nù, nítorí náà iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀, kí oorun máa kùn ún ṣáá, kí gìrì sì mú un. Bí omi náà tàbí àgbo tí wọ́n fi sè bá dọ̀tí, ìgbẹ́ gbuuru ló kàn. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera ní Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọrùn ọmọ ti dúró, ó ti ń jókòó, ó ń nawọ́ sí àwo oníàwo. Ògì tó ki, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, iṣu tí a gún àti ẹyin ti ń wọ ẹnu rẹ̀. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ omi. Láìsí omi, ìgbẹ́ rẹ̀ lè le, kó máa kérora bó bá fẹ́ yàgbẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan máa mu omi bíi mìlílítà 120 sí 240 lójúmọ́. Ẹ fi wé píọ̀ wọ́tà kan tó gba sẹ́ntílítà 50, ìyẹn mìlílítà 500: gbogbo omi tí ọmọ máa mu látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò tó ìdajì ọ̀rá náà. Ọmú ṣì ni olórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó máa mu ún lọ títí yóò fi pé ọdún méjì, àní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí a fi ń fún un náà ṣe kókó. Rírọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa bá nílé: wọn á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ ká a lẹ́nu, wọn á máa da omi tàbí àgbo sí i bó ti ń ké. Èyí léwu púpọ̀, torí ohun tí wọ́n ń rọ lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbé ọmọ jókòó lóòró. Ẹ bu omi bíi ṣíbí méjì sínú ife kékeré tí kò ní ìdérí. Ẹ gbé etí ife lé ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi kan ètè, kí ẹ wá dúró. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ á yọ ahọ́n, á tọ́ ọ wò, á fà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ á ṣàn sí i láyà, ó lè húkọ́, ó lè fajú ro. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ tún gbé ife fún un lẹ́yìn oúnjẹ mìíràn. Bó bá ti yíjú kúrò, ó tó. Ife sàn ju ìgò oníróbà lọ, torí ìdọ̀tí máa ń há sínú orí ọmú róbà, kò sì rọrùn láti fọ̀.

Omi náà gbọ́dọ̀ mọ́. Kí omi mọ́ lójú kò ní kí kòkòrò àrùn má sí nínú rẹ̀. Ẹ sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kó tutù nínú ohun tó ní ìdérí. Bó bá jẹ́ píọ̀ wọ́tà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, lára rẹ̀, ẹ má ra èyí tí oòrùn ti ń pa lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ fọ ara ọ̀rá náà, kí ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé e. Eyín tí a fi ń já a ń kó ìdọ̀tí ara rẹ̀ wọ inú omi. Ẹ tún sè é fún ọmọ.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi lásán kò tó o. Ọmú àti ORS, ìyẹn èròjà oníyẹ̀fun tí a ń po mọ́ omi láti dá omi ara padà, ló nílò, kí ẹ sì po ORS ní ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gan-an. Bí àwùjẹ̀ orí rẹ̀ bá jìn wọnú, tí ojú rẹ̀ wọnú, tí kò sì tọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn láìfi falẹ̀. Ẹ má sì bu ṣúgà tàbí glúkóòsì sí omi ọmọ. Adùn tó bá mọ́ ọn lẹ́nu kì í jẹ́ kó gba omi lásán mọ́.

Ìyá àgbà tó ń bu omi fún ìkókó kì í ṣe ọ̀tá, ìfẹ́ ló ń ti í. Ẹ bá a sọ ọ́ kí ọmọ tó dé, ẹ mú un dání lọ sí àyẹ̀wò aboyún kó gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Kí ẹ sì ṣèlérí fún un pé, lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́fà bá pé, òun ló máa gbé ife àkọ́kọ́ sí ọmọ lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ òun ń bọ̀ kì í kánjú.