Kí Ló Ń Mú Inú Tíṣà Dùn? Ìtàn Díẹ̀ Nípa Iṣẹ́ Olùkọ́ Nílẹ̀ Wa

Bí ọ̀rọ̀ iléèwé bá délẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, òrùlé àti bẹ́ǹṣì la sábà máa ń sọ. A kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹni tó dúró níwájú pátákó. Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò díẹ̀.

Láyé àwọn míṣọ́nnárì, tíṣà kì í ṣe tíṣà nìkan. Òun ló ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń ka lẹ́tà fún bàbá tí ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, òun náà ló ń bá a kọ èsì. Bí iṣu tuntun bá jáde, àwọn òbí á gbé lọ sílé rẹ̀. Nígbà tí St. Andrew's College bẹ̀rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́dún 1896, ẹni tó bá ti ibẹ̀ jáde, ẹni iyì ni níbikíbi tí wọ́n bá rán an lọ.

Àmọ́ iyì nìkan kò ṣeé gbé lọ sọ́jà. Owó oṣù kéré, míṣọ́n sì lè gbé tíṣà kúrò níbì kan láì bi í léèrè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kóra jọ: àwọn olùkọ́ Èkó lọ́dún 1925, àwọn ọ̀gá iléèwé Ìjẹ̀bú lọ́dún 1926. Ní oṣù Keje 1931, wọ́n para pọ̀ di NUT. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́. Yàtọ̀ sí ìjà owó, ẹgbẹ́ yẹn jẹ́ kí tíṣà inú oko mọ̀ pé òun kò dá wà.

Oṣù Kìíní 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà níléèwé lọ́dún yẹn. Olùkọ́ kò tó rárá. Wọ́n gba ọ̀pọ̀ tí kò tíì kọ́ṣẹ́, kíláàsì sì kún fọ́fọ́. Ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ fún ọmọ, tíṣà ló ń fi agbára ara rẹ̀ san án.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láwọn ọdún 1980, gbèsè owó oṣù wọlé dé, ìdaṣẹ́sílẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2022, òfin tuntun sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó dáa, àmọ́ bí iṣẹ́ kò bá dùn mọ́ni, kí la fẹ́ fi ọdún márùn-ún sí i ṣe?

Ìtàn yìí fi hàn pé nǹkan mẹ́ta ló ń gbé tíṣà ró: owó tó wọlé lásìkò, ẹnu tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ará ìlú tó mọyì rẹ̀. Ọwọ́ ìjọba ni ti àkọ́kọ́ wà. Ọwọ́ wa ni ti ìkẹta wà o! Tíṣà tí kò rí ilé gbé nílùú kékeré, kò ní pẹ́ tí yóò fi wá ọ̀nà lọ sígboro, kíláàsì àwọn ọmọ wa ló sì máa ṣófo.

Ká yéé sọ pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ronú kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé: ta ló ní yàrá tó ṣófo nílé? Ta ló lè bá wa tún ilé olùkọ́ ṣe? Ẹ̀yin òbí, ẹ má sì bú tíṣà lójú ọmọ yín mọ́.

Ìlú wa á dùn o. Àṣẹ.